Ohun Tí Kọ̀ǹpútà Kò Mọ Orúkọ Rẹ̀

Bí o bá fẹ́ rí dókítà àgbà tó dúró jẹ́ẹ́ bí ọmọléèwé tó pẹ́ dé, láíbìrì àwọn oníṣègùn tó wà nítòsí Marina ni kí o lọ lọ́dún 1995, iwájú tábìlì Memunat ni wàá ti bá a. Kì í ṣe pé Memunat le. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, ẹ̀rín ò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà nínú láíbìrì náà tó lè ka àwo sídíì, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ tó Memunat.

Àwo yẹn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó fẹ́lẹ́, ó ń dán, ọmọdé lè fi ṣeré, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni àwọn òyìnbó kó ìròyìn ìwé ìwádìí láti gbogbo ayé sí: ẹni tó kọ ọ́, ọdún tó kọ ọ́, àti ìpínrọ̀ kan tó sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá ti rí ohun tó ń wá nínú àwo ló wá lè ní kí wọ́n fi odindi ìwé náà ránṣẹ́ sí òun. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kì í ronú. Ohun tí o bá tẹ̀ sí i ló máa wá. Kò ní í bá ọ wá àbúrò rẹ̀, kò ní í bá ọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dókítà tó kàwé débi tí irun orí rẹ̀ re tán á jókòó síwájú rẹ̀, á tẹ "ibà" lédè òyìnbó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé á ya lù ú, ọ̀gá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn.

Memunat kì í yára tẹ nǹkan. Á kọ́kọ́ ní kẹ́ni náà jókòó, á bi í pé, "Kí lẹ̀ ń wá gan-an?" Bó bá dáhùn tán, á tún bi í pé, "Kí ni wọ́n ń pè é níbòmíràn?" Ìbéèrè kejì yìí ló máa ń bí wọn nínú. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Àwọn tó ṣe àwo náà ti to ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bí ìdílé: bàbá lókè, àwọn ọmọ nísàlẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ lábẹ́ wọn. Bí o bá pe ẹnìkan lórúkọ ìnagijẹ, kọ̀ǹpútà lè júwe orúkọ àbísọ rẹ̀ fún ọ, bí wọ́n bá ti kọ ìnagijẹ náà sí i tẹ́lẹ̀. Bí o bá sì di bàbá mú dáadáa, o lè pàṣẹ pé kí gbogbo agboolé rẹ̀ jáde síta. Memunat mọ àwọn agboolé inú kọ̀ǹpútà bó ṣe mọ àwọn ojúlé tó wà láti Iga Idunganran títí dé Lafiaji.

Gbogbo ìmọ̀ yẹn dára nígbà tó jẹ́ ọmọ ọlọ́mọ ló ń ṣàìsàn. Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tó kan Àbídèmí.

Àbídèmí ni ọmọ kan ṣoṣo tí Memunat bí, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ṣàíbù, bàbá rẹ̀, wà lójú òkun níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ akẹ́rù nígbà tí wọ́n bí i. Ìdí tó fi ń jẹ́ Àbídèmí nìyẹn. Ojú òkun náà ló sì tún wà lọ́dún tí à ń sọ yìí. Memunat, ọmọ rẹ̀, àti Ìyá Àdìjátù tó bí Memunat ló ń gbé ilé ẹbí wọn lẹ́yìn Iga. Tìróò ni Ìyá ń tà ní Ọjà Jánkárà. Ó ń ra òkúta rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Hausa, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń fi aṣọ jọ̀ ọ́ títí á fi kúnná bí àtíkè. Ìkókó kan ò ní í jáde fún ìsọmọlórúkọ ládùúgbò yẹn kí Ìyá má lé tìróò fún un. "Ojú tí ò ní tìróò," ló máa ń wí, "ojú ẹni tó jí tí ò tíì bọ́jú ni."

Díẹ̀díẹ̀ ni àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Àbídèmí tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ ẹlòmíràn kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í ti tirẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní inú ń run òun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ń funfun. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ti ń fẹnu ka oókan dé ẹẹ́wàá kò rántí ẹẹ́ta mọ́. Nígbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, gìrì mú un lórí ẹní.

Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Fúnṣọ́ tó gbà á kì í ṣe àjèjì sí Memunat. Ó wà lára àwọn tó máa ń dúró jẹ́ẹ́ níwájú tábìlì rẹ̀. Ó tọ́jú ibà, ó tọ́jú aràn, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò títí tí kò fi sí ohun tó kù láti yẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló pe Memunat sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ìyá Àbídèmí, kí lẹ̀ ń fún un lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí?"

"Oúnjẹ tá a jọ ń jẹ náà ni, dókítà. Ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ẹja."

"Àgbo ńkọ́? Ẹ má bò ó fún mi o, mi ò ní bá yín jà."

"Wallahi, a kì í fún un lágbo."

Òótọ́ ló sọ. Kò mẹ́nu ba tìróò, nítorí tìróò kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe oògùn. Ta ló ń sọ fún dókítà pé òun ya irun ọmọ láàárọ̀?

Dókítà Fúnṣọ́ náà sọ òótọ́ tirẹ̀. "Mi ò mọ nǹkan tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n tí gìrì yìí bá ń padà wá, ó máa kó bá ọpọlọ rẹ̀. Ó tiẹ̀ lè..." Kò parí rẹ̀. Memunat bá a parí rẹ̀ lọ́kàn.

Nígbà tí gìrì náà rọlẹ̀, wọ́n gbé ọmọ padà sílé. Lọ́jọ́ kejì, Memunat ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà mọ́ ara rẹ̀. Ẹni tó máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè kò bi ara rẹ̀ ní ẹyọ kan. Ó kàn ń tẹ̀ ṣáá ni: ọmọdé, inú rírun, àìtó ẹ̀jẹ̀, gìrì. Iná lọ. Ó jókòó sínú ooru títí wọ́n fi tan jẹnẹrétọ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tó jáde lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó ń fi ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀, ó ń ṣẹ́ wọn kù, títí ó fi ku ìwọ̀nba tí ojú lè kà, ohun kan náà ló sì ń yọjú nínú wọn ṣáá: májèlé òjé.

Ta ni ò mọ òjé ní Ìsàlẹ̀ Èkó? Òun ni àwọn apẹja ń so mọ́ ìdí àwọ̀n kó lè rì. Àwọn ìwé náà ní ó lè wọ ara ọmọdé láti inú ọ̀dà ògiri tó ń ṣí, láti inú èéfín pẹtiróòlù, tàbí láti ibi tí wọ́n ti ń tún bátìrì ọkọ̀ ṣe. Ibi ọ̀rọ̀ bátìrì yìí ni Memunat kà dé tí kò lè kà á mọ́. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó fa ìborùn sórí, ó forí lé ilé.

Sámúẹ́lì, ará Ìjẹ̀ṣà kan, ló ń chájì bátìrì lópin àdúgbò wọn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Kò tíì sí ìjà láàárín wọn rí, àfi pé Ìyá máa ń ráhùn pé àwọn ará òkè wọ̀nyí ti fẹ́ gba Èkó tán.

"Bùrọ̀dá Sámúẹ́lì, ẹ fẹ́ pa mí lọ́mọ!"

Sámúẹ́lì gbé wáyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi kẹ̀? Àǹtí Memunat, kí ni mo ṣe?"

"Bátìrì yín! Òjé ló wà nínú ẹ̀. Ìwé ti sọ ọ́, mo kà á pẹ̀lú ojú ara mi. Òjé ló ń fa gìrì tó ń mú ọmọ mi!"

Àwọn èrò ti ń dúró. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹnìkan ò lè gbóhùn sókè kí àwùjọ má pé. Sámúẹ́lì ò pariwo. Ó nawọ́ sí àwọn ọmọ tirẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àlòkù táyà.

"Àǹtí, tó bá jẹ́ bátìrì ni, ṣebí àwọn wọ̀nyí ni ì bá kọ́kọ́ mú. Mi ò kì í fọ́ bátìrì, mi ò kì í yọ́ òjé, mo kàn ń chájì ni. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn: ọmọ yín ti wá síbí rí?"

Ìyá kì í jẹ́ kí Àbídèmí kọjá ẹnu ọ̀nà: nítorí mọ́tò, nítorí oòrùn, nítorí ojú ayé.

"Ọmọ tí kì í jáde," Sámúẹ́lì wí, "inú ilé ni kẹ́ ẹ wá a sí. Ẹ má bínú o. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ọlọ́run á wò ó sàn fún wa."

Memunat tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i sí ojú tó ń tì í. Ó ti ṣe ohun tó máa ń torí rẹ̀ fi àwọn dókítà ṣe yẹ̀yẹ́: ó rí ìdáhùn àkọ́kọ́, ó gbé e sáré.

Nígbà tó padà sídìí kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, kò jókòó sórí àga tirẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Àga àwọn tó máa ń wá bá a ló jókòó sí. Ó bi ara rẹ̀ pé, kí lò ń wá gan-an? Ó dáhùn pé, ọ̀nà tí òjé gbà wọ inú ilé mi. Ẹ̀rù bà á bó ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kéré tán, ìbéèrè gidi nìyẹn.

Ó di bàbá mú, ìyẹn májèlé òjé, ó ní kí gbogbo agboolé rẹ̀ jáde, ó sì yọ ti àwọn àgbàlagbà kúrò. Kò wá ka àwọn ìwé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan inú àwo ló ní àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn láti fi sọ ohun tó dá lé. Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ló ń wò. Ọ̀dà: ẹfun ni wọ́n fi kun yàrá àwọn. Páìpù omi: omi tí wọ́n ń rà ni àwọn ń mu. Ìkòkò amọ̀ dídán: àwọn ò ní irú ẹ̀. Ohun ìṣaralóge: ó ti fẹ́ kọjá ìyẹn, nítorí ọmọ ọdún mẹ́ta kì í kun ètè. Àmọ́ ojú rẹ̀ tún bá ọ̀rọ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ìpéǹpéjú. Ó ṣí ìwé náà.

Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti kọ ọ́, nípa ọmọ àwọn ará Íńdíà kan tó ń gbé níbẹ̀. Inú ń run ọmọ náà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, gìrì ń mú un. Àwọn dókítà wá òjé tì nínú ọ̀dà, wọ́n wá a tì nínú omi, kí wọ́n tó bá a nínú ìyẹ̀fun dúdú tí ìyá ọmọ ń lé sí i lójú kó lè lẹ́wà, kí ojú burúkú má bàa rí i. Òkúta dídán kan ni wọ́n ń lọ̀ ṣe ìyẹ̀fun náà. Súrúmà ni wọ́n ń pè é. Ìwé tó tẹ̀ lé e sọ̀rọ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá. Kóòlù ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Memunat ò ka èyí tó kù. Ó tẹ tìróò sí i. Kọ̀ǹpútà kùn díẹ̀, ó sì dáhùn pé òun ò rí nǹkan kan. Kò gbọ́ orúkọ náà rí. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n kó jọ sínú àwo yẹn, kò sí ẹnìkan tó ti pe tìróò lórúkọ fún un.

Kí n má purọ́, ara tù ú fún ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ á rí ibi dúró sí: súrúmà ni wọ́n kọ, wọn ò kọ tìróò, Íńdíà ni wọ́n sọ, wọn ò sọ Jánkárà. Ṣùgbọ́n láti ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kí ló ń kọ́ àwọn èèyàn bí kò ṣe pé nǹkan kan náà lè jẹ́ orúkọ mẹ́ta nílùú mẹ́ta, kó sì má yí padà? Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn láàárín kíkà kan sí èkejì, ó sì rí ojú ara rẹ̀ nínú dígí náà, pẹ̀lú tìróò tí Ìyá lé fún un lẹ́yìn ìrun àsùbá. Memunat sunkún. Ọ̀gá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn, Memunat ní òun ń bọ̀, ó sì tún jókòó sunkún díẹ̀ sí i.

Dókítà Fúnṣọ́ ka ìwé tí Memunat tẹ̀ jáde fún un, ó kà á tán, ó tún un kà.

"Ṣé ẹ̀ ń lé tìróò fún ọmọ yìí ni?"

"Lójoojúmọ́, sà. Láti ọjọ́ kẹjọ tá a bí i."

"Ìyá tèmi náà lé e fún mi," dókítà wí. "Mi ò sì ronú kàn án rárá. Ẹ bá mi mú díẹ̀ wá nínú rẹ̀. A máa fi í ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Yàrá àyẹ̀wò tó lè wọn òjé ò sí nítòsí, ó máa gba sùúrù. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de èsì o. Láti òní lọ, kí ohunkóhun má kan ojú ọmọ yẹn mọ́."

Ó rọrùn lẹ́nu dókítà. Ta ló máa sọ ọ́ fún Ìyá? Tìróò ni Ìyá fi rán Memunat níléèwé. Tìróò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ní gbogbo Jánkárà. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan tí Àbídèmí bá jókòó sí i láàárín ẹsẹ̀, tó gbé ojú sókè láìṣẹ́jú, inú Ìyá máa ń dùn lọ́nà tí kì í dùn ní wákàtí mìíràn lójúmọ́. Memunat ò lè sọ ọ́. Ó wá irọ́ kékeré kan pa: ó ní dókítà sọ pé oògùn tí ọmọ ń lò kò fẹ́ kí nǹkan kan kan ojú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

"Ọjọ́ díẹ̀ kẹ̀?" Ìyá wí. "Ó dáa náà. Dókítà ló mọ̀ ọ́n."

Kò ba Ìyá lẹ́rù, nítorí irọ́ náà ò lẹ́rù nínú. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ́ọ̀, tí Memunat ti lọ síbi iṣẹ́, Ìyá wo ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣófo, ó sì rò ó pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, nítorí Jímọ́ọ̀, kò lè ba oògùn jẹ́. Ó lé e ní Jímọ́ọ̀ yẹn. Ó tún lé e ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, àtàwọn ọjọ́ mìíràn, á sì nù ún kúrò kí Memunat tó dé.

Gìrì kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn ni nọ́ọ̀sì ti fi aṣọ tútù nu ojú Àbídèmí. Nígbà tó gbé aṣọ náà kúrò, Memunat rí i pé ó dúdú níbi tó ti kan ìpéǹpéjú. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Irọ́ tirẹ̀ ló ń wò lára aṣọ yẹn, ó sì mọ̀ ọ́n.

Èsì àyẹ̀wò dé lọ́sẹ̀ yẹn. Òjé tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà pọ̀ kọjá ààlà, ìyẹ̀fun tí Memunat sì mú wá, òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Dókítà Fúnṣọ́ ti ń wá oògùn tó ń fa òjé jáde lára. Ó ní ọmọ náà ṣì kéré, bí òjé tuntun ò bá wọlé mọ́, ó ṣeé ṣe kó bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Bí tuntun bá ń wọlé, oògùn kankan ò ní í ràn án.

Memunat ní kí nọ́ọ̀sì bá òun mójú tó ọmọ náà, ó gba ilé lọ.

Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá Ìyá, ó jókòó sórí àpótí pẹ̀lú ọlọ níwájú rẹ̀, ó ń lọ òkúta. "Ọmọ mi ńkọ́?" ló kọ́kọ́ bi í. "Ó ti jẹun? Èyí tí mò ń lọ̀ yìí tirẹ̀ ni, mo ṣa òkúta ẹ̀ fúnra mi. Tó bá dé báyìí, á tún padà lẹ́wà."

Memunat kúnlẹ̀. Ó sọ ọ́ láìbò, láti orí kọ̀ǹpútà títí dórí aṣọ nọ́ọ̀sì.

"Òjé?" Ìyá rẹ́rìn-ín. "Òjé àwọn apẹja? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Ìyá. Mo bu díẹ̀ nínú tiyín láìsọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹ̀rín Ìyá tán. "O jí tìróò mi bù? Ìwọ Memunat? Ṣé mi ò lé e fún ìwọ náà ni? Ṣé o kú? Ìyá mi lé e fún mi. Ànábì lé e! Ẹ̀rọ kan wá dé láti ìlú òyìnbó, ó ní mò ń pa ọmọ-ọmọ mi?"

"Kò mọ̀ yín, Ìyá. Tìróò gan-an, kò mọ̀ ọ́n. Mi ò sì bá Ànábì jà. Òkúta tó wà lọ́wọ́ yín yìí ni mò ń sọ. Ẹ gbé e wò."

Ìyá gbé e. Ojoojúmọ́ ló ń gbé e, òkúta tín-ín-rín tó wúwo ju bó ṣe tó lọ. Wíwúwo yẹn ló fi ń mọ ojúlówó lọ́jà, tí kò fi sẹ́ni tó lè ta ayédèrú fún un. Apẹja sì ni bàbá Memunat; ọwọ́ Ìyá yìí náà ló ń bá a so òjé mọ́ àwọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n ṣì ń ṣe tọkọtaya tuntun. Ó di òkúta náà mú pẹ́. Memunat rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe ń lọ sílẹ̀.

"Memunat."

"Ìyá."

"Àwọn tó ṣáájú ẹ ńkọ́?"

Ọmọ méjì ni Ìyá ti bí kó tó bí Memunat. Wọn kì í dárúkọ wọn nínú ilé yẹn. Ìyá dárúkọ wọn wàyí.

"Gìrì ló mú Múfútáù. Gìrì náà ló mú Ràfíátù. Wọ́n ní àbíkú ni wọ́n, mo sì gbà, nítorí kí ni mo tún fẹ́ sọ? Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ràfíátù lọ, ó gbé ojú sókè fún mi báyìí, mo lé tìróò fún un. Kọ̀ǹpútà tìẹ yẹn, ṣé ó lè bá mi wá ìyẹn? Ṣé èmi ni?"

Memunat ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn wá nǹkan, kò tíì sẹ́ni tó bi í ní irú èyí. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó rọ̀, ó dùn, irọ́ ni.

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ó lè jẹ́ ibà. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́."

Ìyá sunkún nígbà náà, kò fi ọwọ́ bo ojú, omijé tó ń ṣàn dúdú láti ìpéǹpéjú rẹ̀ dé àgbọ̀n. Memunat dì mọ́ ọn lórí ìkúnlẹ̀, òun náà ń sunkún.

Ìyá ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi etí ìró nu ojú, ó fa ìborùn sórí. "Ọmọ Kẹ́mi," ló wí. "Jímọ́ọ̀ tó kọjá ni mo lé e fún un."

Memunat tẹ̀ lé e gba ẹ̀gbẹ́ ògiri dé ilé kejì. Kẹ́mi, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di abiyamọ, yọ sí wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkókó ní àyà. "Ẹ káàbọ̀ o, Ìyá! Wọ́n ní Àbídèmí ṣì wà ní ọsibítù. Á sàn o. Ọlọ́run ló tiẹ̀ rán yín wá, èyí tẹ́ ẹ lé fún un ti ń parẹ́. Ẹ bá mi tún un lé, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbé e lọ ya fọ́tò."

Ó na ọmọ náà sí i. Ìyá gbà á, pẹ̀lú àwọn ìka rẹ̀ tí ọṣẹ kankan ò lè fọ dúdú wọn kúrò. Ọmọ náà la ojú, ó ń wò ó.

"Bá mi bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá," Ìyá wí, "kó o mú aṣọ tó mọ́ sí i. Mo fẹ́ fọ èyí tó kù lójú ẹ̀."

Kẹ́mi rẹ́rìn-ín, ó rò pé Ìyá ń ṣe àwàdà. Ìyá jókòó sórí àpótí, ó gbé ìkókó náà sórí itan, ó sì ní kí Kẹ́mi jókòó ti òun, kí òun sọ ohun tí òun ti ṣe fún un.